Ládàánì Mansur Kò Jí Àgbò Ẹnikẹ́ni

Ládàánì Mansur Àlàó kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láàárọ̀ Àlàmísì tó kọjá. Ikọ́ ló pa á. Kí wọ́n tó yọ̀ǹda òkú rẹ̀ fún wa, ilẹ̀ ti ṣú, nítorí náà ọjọ́ Jímọ̀ la kírun sí i lára, tí a gbé e lọ sin. Láti ìgbà tí mo ti ń wọ péńpé kiri Gàmbàrí, àdúgbò wa ní Ìlọrin, ni ọkùnrin yìí ti ń fi ohùn rẹ̀ jí wa fún ìrun Àsùbáà. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ẹlòmíì ló pe ìrun.

Mo bá ẹbí rẹ̀ kẹ́dùn. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n bínú wàyí, torí pé kì í ṣe Mansur nìkan ni wọ́n sin. Wọ́n sin orúkọ kan mọ́ ọn tí kì í ṣe tirẹ̀. Olè. Olè àgbò. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìjọba di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ládàánì ló jalè? Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ládàánì ni kó máa pe ìrun, ṣùgbọ́n ní mọ́sáláṣí tiwa, iṣẹ́ mìíràn tún wà lọ́rùn Mansur. Ẹni tó bá rí ohun tó sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, á di máìkì mú, á ní, “Ẹ fara balẹ̀ o. A rí fóònù kan. Kí olóhun wá sọ àmì rẹ̀.” Kò jẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní í sọ àwọ̀ rẹ̀, kò ní í sọ irú rẹ̀, kò sì ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kàn án kí olóhun tó dé. Ẹ̀sìn ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ayé sì ni pẹ̀lú, torí ohun tí gbogbo èèyàn bá ti rí, gbogbo èèyàn ló máa ní tòun ni.

Adìẹ ìyá mi kan sọnù nígbà kan. Ìyá mi gbọ́ ìkéde, ó fìbínú lọ bá a. “Mansur, adìẹ mi dà? Àbí o ò mọ̀ mí ni?” Ládàánì bú sẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ yín dáadáa, Ìyá. Adìẹ yín ni n ò mọ̀. Kí làmì rẹ̀?” Ìyá mi bú u títí, ó ní ọmọ tí òun pọ̀n sẹ́yìn ló wá ń bi òun léèrè àmì adìẹ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé. Ládàánì gbé adìẹ jáde, ó tún bu ọkà bàbà lé ìyá mi lọ́wọ́. Àṣé ẹnìkan ti kọ́kọ́ wá gba adìẹ náà, kò mọ ọ̀rọ̀ ìka. Irú ẹni tí wọ́n ní ó jí àgbò nìyẹn.

Ọjọ́ Àtìní ni àgbò tí à ń wí já okùn, tó wọ agboolé wọn wá. Mansur so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fún un ní èèpo iṣu jẹ, ó sì kìlọ̀ fún Hùmúàní, ìyàwó rẹ̀, pé kó má ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó di Jímọ̀. Nígbà tó di Àlàrùba, ẹni tó ni àgbò dé láti GRA, Alhaji kan báyìí, òun pẹ̀lú ọlọ́pàá. Wọ́n bá àgbò níbi tí ojú èrò ò tó. Kí lẹ rò pé ọlọ́pàá máa wí? Wọ́n ní ó fi í pamọ́, wọ́n ní kò sọ fún ẹnikẹ́ni, olè sì ni. Gbogbo ohun tí Mansur ṣe kí àgbò náà lè dé ọwọ́ olóhun ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n fi dè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ pátápátá nìyí, ẹni tí wọ́n bá tọ́ ní agboolé ló sì máa yé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá fìbínú wọlé tọ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ fi àlàyé bẹ̀rẹ̀. Wàá kọ́kọ́ kúnlẹ̀, wàá ní, “Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú.” Bóyá o ṣe é, bóyá o ò ṣe é, ìyẹn ò tíì kan ẹnikẹ́ni. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á ní kí o dìde, á wá ní, “Ó yá, báwo ló ṣe jẹ́?” Ìgbà yẹn gan-an ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé kó tó kúnlẹ̀, aláfojúdi ni, kódà kó jẹ́ pé òun ló jàre. Wọ́n ṣáà ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Mansur kúnlẹ̀ fún Alhaji. Ó kúnlẹ̀ fún ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, ọlọ́pàá kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójú Hùmúàní. Ó ní, “Bàbá, ohun tí ẹ sọ nílé náà ni kí ẹ sọ fún adájọ́. Wọ́n á kàn kìlọ̀ fún yín ni, ẹ ó sì máa lọ ilé yín.” Kò sí lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ọ̀kan.

Hùmúàní ló ròyìn ìyókù fún mi. Wọ́n ka ẹ̀sùn, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú àpótí ẹlẹ́jọ́ débi pé orí rẹ̀ ò hàn mọ́.

“Mo jẹ̀bi, Olúwa mi, ẹ má bínú. Àgbò náà ló wọlé wá bá mi. Jímọ̀ ni mo ń dúró dè kí n kéde rẹ̀.”

Adájọ́ ní, “Dìde dúró. Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?”

“Ẹ má bínú, sà.”

“O ti ní o jẹ̀bi. Ó ti tán.”

Ó tán lóòótọ́. Kò tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dúró kí àkàrà jinná. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, láìsí àǹfààní owó ìtanràn, fún ẹni tí kò dé kọ́ọ̀tù rí láyé rẹ̀. Hùmúàní ní ọkọ òun ṣì ń retí kí wọ́n bi í pé báwo ló ṣe jẹ́ nígbà tí wọ́n ń fà á jáde.

Adájọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Ṣebí ẹni tó mú ohun olóhun láti sọ ọ́ di tirẹ̀ là ń pè ní olè? Èyí tó ń dúró de Jímọ̀ kó lè dá a padà ńkọ́, kí lorúkọ tirẹ̀? Etí tí ẹ fi gbọ́ “mo jẹ̀bi”, ṣé etí yẹn kan náà kọ́ lẹ fi gbọ́ ìyókù? Àbí ọ̀rọ̀ tálákà kì í gùn ju ibi tó bá ti rọ ìjọba lọ́rùn lọ?

Alhaji tó ni àgbò gan-an, ojú tì í. Nígbà tó gbọ́ ẹni tí Mansur jẹ́, ó gbéra, ó lọ sí kọ́ọ̀tù, ó ní òun ti yááfì, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n fún un lésì pé, “Alhaji, ẹjọ́ yín kọ́ mọ́, ẹjọ́ ìjọba ni.” Ẹ ò rí nǹkan! Olóhun ti gba àgbò rẹ̀, olóhun ti dárí jì, ìjọba tí kò ní okùn lọ́rùn àgbò ló wá ń bínú jù.

Àwọn èèyàn sọ fún Hùmúàní pé kó gbà fún Ọlọ́run. Wọ́n ní ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ẹjọ́ wo ló tún kù? Irọ́ ni. Haneef, lọ́yà kan ní àdúgbò Fate tó ń bá aláìní ro ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, là á yé wa. Ó ní ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi, tó sì tún ṣàlàyé ohun tó fi hàn pé kò jẹ̀bi, òfin ní kí adájọ́ kà á sí ẹni tó ní òun ò jẹ̀bi, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́. Bí adájọ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀tù gíga lè fagi lé ìdájọ́ náà. Ó ní ọdún méjì yẹn fúnra rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ó sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lásìkò.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ẹjọ́ náà ṣe. Kọ́ọ̀tù gíga ò lè jókòó lé e láìjẹ́ pé kọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ tẹ ohun tí adájọ́ fọwọ́ kọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ojú ìwé kan péré ni! Haneef débẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ó tún débẹ̀, wọ́n ní kò síná. Ó débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní ẹni tó ń tẹ̀wé lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n ní kó fara balẹ̀, ṣebí ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ ò lọ síbì kankan.

Àmọ́ ó ń lọ. Ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀wọ̀n padà sí ọgbà àtúnṣe láìtún nǹkan mìíràn ṣe ju pátákó ẹnu ọ̀nà lọ. Parasitamọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fún un. Nígbà tí Hùmúàní lọ wò ó gbẹ̀yìn, ohùn tó ń dé Gàmbàrí láti orí mọ́sáláṣí ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì í mọ́. Ó ní láti tẹ etí sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

“Ta ló ń pe Àsùbáà báyìí?”

“Abdulfattah ni.” Ọmọ wọn àgbà nìyẹn.

“Ṣé ó ń fà á dáadáa?”

“Ó ń fà á. Ẹ̀yin náà ẹ ó padà wá pè é, Inṣá Allàhu.”

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mi ò lè sọ èyí fún yín kí omi má bọ́ lójú mi, n ò sì gbìyànjú rẹ̀.

Nígbà tí a sin ín tán, Haneef padà lọ sí kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé bá a kẹ́dùn, ó ní nígbà tí ẹni tó pe ẹjọ́ ti kú, ẹjọ́ náà ti kú nìyẹn, wọ́n á pa fáìlì dé. Àwọn tí wọn ò ráyè tẹ ojú ìwé kan fún alààyè, ẹ wo bí wọ́n ṣe tètè ráyè pa fáìlì òkú dé!

Wọ́n máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mansur ò rí èyí yàn níbẹ̀, wọ́n fún un ní méjèèjì. Kò sì tíì tán. Àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí wa ti gba máìkì lọ́wọ́ Abdulfattah. Wọ́n ní ọmọ ẹni tó kú sẹ́wọ̀n olè kò yẹ kó máa pe mùsùlùmí jọ. Ẹ̀yin àgbààgbà, ta ni nínú yín tí Mansur ò bá wá ohun tó sọnù rí? Ẹ̀yin kan náà lẹ kọ́ wa pé ká kúnlẹ̀ ká ní a jẹ̀bi. Ó kúnlẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ ọ, ẹ wá fi ìkúnlẹ̀ rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ!

Ẹnìkan láti GRA wá sọ fún Hùmúàní pé òun lè bá a rìn ín kí ìjọba fún òkú náà ní ìdáríjì. Mo wà níbẹ̀. Obìnrin náà gbé ojú sókè.

“Ìdáríjì kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ dárí jì í? Wáláì, ẹ wí fún wọn pé ọkọ mi ti kúnlẹ̀ tó. Ẹnikẹ́ni ò tún ní í bá wọn kúnlẹ̀ mọ́. Kí wọ́n ní kò jalè.”

Ohun tí à ń béèrè nìyẹn, a ò sì fi àánú béèrè rẹ̀. Kí kọ́ọ̀tù gíga gba ẹbí láàyè láti máa bá ẹjọ́ náà lọ. Kí adájọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó di etí sí ìyókù wá ṣàlàyé ara rẹ̀, àti ọlọ́pàá tó kọ́ Mansur ní ohun tó máa wí. Kí wọ́n dárúkọ ẹni tó jókòó lé ojú ìwé yẹn títí ọkùnrin náà fi kú.

Níwọ̀n ìgbà tí wọn ò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di máìkì mú, èmi á bá a ṣe ìkéde Jímọ̀ yìí níbí. Ẹ fara balẹ̀ o. A ń wá orúkọ kan. Kọ́ọ̀tù ló ti sọnù, ọwọ́ ìjọba ló sì wà. Àwa olóhun ti dé, àmì rẹ̀ sì nìyí: Mansur Àlàó, ládàánì, ọmọ Gàmbàrí, tí kò mú ohun olóhun rí àfi kó lè dá a padà. Ẹ dá tirẹ̀ náà padà.