Ojú Ìwé Tí Délé Kò Rí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan lọ fún àtúnṣe ní Òrò. Bí wọ́n ṣe tanná sí i, òórùn eruku gbígbóná jáde lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa ní Ọ̀mù-Àrán nìyẹn, mo sì rántí Bísí, ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi fóònù rí ojú ara yín láti òkè òkun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa, aṣọ la fi ń bo kọ̀ǹpútà bí ọmọ tuntun, bàtà wa sì ń dúró síta. Ibẹ̀ la ti ń ṣe ìkànnì ìlú, tí àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi ń ṣí láti gbọ́ ìròyìn ilé. A ó tún ojú ìwé ṣe lórí kọ̀ǹpútà tiwa, a ó tẹ bọ́tìnnì kan, yóò sì lọ sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá kan lókè òkun, níbi tí gbogbo ayé ti ń kà á. Olùkọ́ Yorùbá wa ló ń mójú tó yàrá náà; èmi àti Bísí ló fi iṣẹ́ ìkànnì lé lọ́wọ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ máà kí àwọn ẹgbẹ́ wa mọ́.

Ọdún yẹn ni àìsàn dá ìyá Bísí dùbúlẹ̀. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Délé, àkọ́bí rẹ̀, wà nílùú òyìnbó, nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé ìkànnì ìlú ni òun yóò máa fi mọ bí ilé ṣe rí. Bísí bá kọ ọ́ síbẹ̀: "Bọ̀dá Délé, ara Yèyé kò yá. Ojú yín ló ń wá. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò rí sáfà. A yẹ wáyà wò, a pa á, a tún un tàn. Níkẹyìn, Bísí pa ìsopọ̀ tó so kọ̀ǹpútà wa mọ́ sáfà rẹ́, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tó ti béèrè orúkọ fóódà tí iṣẹ́ yóò máa wọ̀ lórí sáfà, ó kọ Ọ̀mù-Àrán, pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti ìdí rẹ̀. Ẹ má bá a wí. Bí o bá kọ orúkọ ìlú láìfàmì sí i, olùkọ́ wa á ní, "Ṣé ìlú rẹ kò láṣọ ni?" Kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ti lọ. A ṣí ojú ìwé náà, ó yọ kedere, a sì fò sókè.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ilé ìwé dé, Yèyé á bi wá láti orí ẹní pé, "Ṣé ó ti rí i?"

"Ó ti rí i, Yèyé. Gbogbo ayé ló ti rí i."

Ó ní ká gbá yàrá Délé, a gbá a. Nígbà tó yá, kò bi wá mọ́. Ó kàn sọ fún Bísí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Ó ti rí i, kò dá mi lóhùn. Ẹ fi í sílẹ̀." Ó kọjú sógiri. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Délé wọlé, aṣọ òtútù tó rà fún Yèyé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Yèyé ti kú. Bísí fi igbe ta: "Ẹ rí i, ẹ ò wá!"

"Kí ni mo rí? Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí i. Ìròyìn àtijọ́ ni mò ń bá níbẹ̀."

Olùkọ́ bá wa wo inú sáfà. Fóódà méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí gbogbo ayé ń kà kò lámì kankan lórí orúkọ rẹ̀. Orúkọ èkejì rí wọ́gọwọ̀gọ, nítorí sáfà kò mọ àmì wa, ó kàn dá fóódà tuntun sílẹ̀, ó sì ń kó gbogbo iṣẹ́ wa síbẹ̀. Ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà tiwa la ń rí, tí a ń yọ̀. Olùkọ́ tún orúkọ náà kọ, ìpè Bísí sì jáde sí gbangba lójú ẹsẹ̀. Délé jókòó, ó kà á tán.

Bísí kò wọ yàrá náà mọ́. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, a kò sì tún ríra.

Nǹkan ti yí padà, inú mi sì dùn sí i: fóònù á sọ fún ọ bí wọ́n bá ti ka iṣẹ́ tí o rán, àmì wa kò sì da kọ̀ǹpútà láàmú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá ṣì ń wọ̀nà fọ́mọ, ìyẹn kò yí padà. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dòní. A rí ojú ìwé náà tún ṣe, a kò rí ẹni tí a ó rán sí Yèyé pé Délé kò rí i.