Àmù Ẹlẹ́nu Mẹ́ta

Ìró ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ló máa ń jí mi báyìí ní Òkèlélé. Bó bá ti ń kùn, tí mo gbọ́ tí omi ń ṣàn sínú korobá àwọn ọmọdé, inú á bí mi títí n ó fi kírun àárọ̀ tán. Kì í ṣe omi náà ló ṣẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri kànga ẹ̀rọ náà ni: wọ́n ní sàráà ni, nítorí Bàbá Àgbà, ẹni tó fún gbogbo àdúgbò lómi mu. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kà á, ẹ ń ṣe àmín. Ẹ jókòó, kí n sọ ẹni tó fún àdúgbò lómi mu fún yín.

Ìyá wa ni. Amọ̀kòkò ni, bíi púpọ̀ nínú àwọn obìnrin Òkèlélé nígbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ kì í fẹ́ ṣe ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti ṣe. Àwọn yòókù á yí ṣùkù àgbàdo mọ́ ọrùn ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Tirẹ̀ á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, títí ara àmù á fi dà bí ẹní tí wọ́n hun. Bí wọ́n bá sun ìkòkò tán, tí wọ́n wọ́n omi èèpo irú sí i lára nígbà tó ṣì gbóná, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agboolé.

Lọ́dọọdún, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú, á mọ àmù kan, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà wa, á pọn omi kún un, á gbé ahá lé e. Àwọn tó ru iṣu bọ̀ láti Òkè-Oyì ń mu níbẹ̀, àwọn Fúlàní oníwàrà ń mu, àwọn ọmọ ilé kéwú náà ń mu, wọ́n sì ń jà sí ahá kan ṣoṣo. Ìjà yẹn ló sú ìyá wa tó fi mọ àmù ẹlẹ́nu mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: kí ni ìkòkò fẹ́ fi ẹnu tó pọ̀ tó yẹn ṣe, ṣé ó fẹ́ lọ bá wọn ṣe wáásí ni? Ṣùgbọ́n àmù náà jáde nínú iná láìlà. Kò pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń pe ilé wa ní Ilé Alámù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni olórí agboolé, orúkọ bàbá rẹ̀ ni ilé náà sì ń jẹ́. Kò kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn ún. Omi ló fi bojú. Ó ní kànga ilé ń gbẹ, ará ìta ò gbọdọ̀ mu ún tán. Ìyá wa kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. N ó máa pọn tiwọn lódò." Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ Odò Asà, korobá lórí mi, ìkòkò lórí rẹ̀. Ọrùn ń dùn mí bí mo ti ń sọ èyí.

Síbẹ̀ Bàbá Àgbà fọ́ àmù náà. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti mọ́sálásí, àwọn kan sì dúró kí ìyá wa kí wọ́n tó kí i. Ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó là á mọ́ àmù náà. "Ilé ta ni wọ́n ń pè ní Ilé Alámù?" Ó tún là á. Omi ṣàn gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé kéwú. Bàbá wa dúró síbẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni tí omi wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti dárí ọ̀pọ̀ nǹkan ji bàbá wa, ṣùgbọ́n n kò tí ì dárí ìdákẹ́ yẹn jì í.

Ìyá wa ò sunkún. Ó ṣa gbogbo àpáàdì náà, ó kó wọn lọ sídìí odó. Lójú ẹlòmíràn, ilẹ̀ gbígbá ni àpáàdì. Amọ̀kòkò mọ̀ pé tí wọ́n bá gún un kúnná, tí wọ́n pò ó mọ́ amọ̀ tútù, ìkòkò tuntun kì í tètè là nínú iná. Bí àwọn obìnrin àdúgbò ti gbọ́ ìró odó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpáàdì ilé tiwọn wá: ìdí ìṣaasùn, etí agbada, ọrùn àmù ìyá tó ti kú. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n bá a gún un, wọ́n ń bú Bàbá Àgbà lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àmù ẹlẹ́nu mẹ́ta kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Àgbà gbé ọ̀pá, ó wo àwọn obìnrin tó dúró tì í, ó sì mọ̀ pé àpáàdì gbogbo ilé ló wà nínú ẹ̀. Ó rọra fi ọ̀pá tilẹ̀, ó wọlé. Nígbà tó yá, òun náà ń mu níbẹ̀.

Ike dé, omi inú ọ̀rá dé, àwọn obìnrin fi amọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ò fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀. Lọ́dún tó kọjá ló kú, ó ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ tí kò ku ẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti sunkún rẹ̀. Níbi àdúrà rẹ̀, wọ́n ní aya rere ni, onísùúrù ni. Onísùúrù! Mo jókòó síbẹ̀, mo ń payín keke. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àmù. Ìgbà tó tún yá ni ọmọ Bàbá Àgbà, tó ń tajà ní Táíwò Road, wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbi tí àmù náà máa ń wà gan-an, ló bá kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i.

N ò ní purọ́: omi náà dára, ọ̀fẹ́ sì ni. Òùngbẹ ò tí ì yí padà, ẹni tó ń kọjá lọ sì ṣì ń rí omi mu lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyẹn ló kù nínú iṣẹ́ ìyá wa, wọ́n sì ti fi orúkọ ẹni tó fọ́ ọ lé e lórí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo da ẹ̀wà inú àmù ẹlẹ́nu mẹ́ta ìyá wa tó kù, tó wà ní yàrá mi, jáde. Mo ní kí àwọn ọmọ bá mi gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹ̀rọ náà, kí wọ́n pọn omi kún un. Kò pẹ́ tí ọmọ Bàbá Àgbà fi pè mí lórí fóònù. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ìkòkò yẹn kúrò, kò bá ibẹ̀ mu."

Mo ní, "Ọ̀pá bàbá ẹ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ. Gbé e wá, kí o wá fọ́ ọ. Odó mi wà nílẹ̀."