Ìgbakọ Baba Àkúnwọ́sílẹ̀

Ní ọjọ́ tí ọ̀gágun alábẹ̀wò dé láti olú iléeṣẹ́, tí ó gbé ìgbakọ irin tuntun dání bí ẹni tí ó gbé ọ̀pá àṣẹ, gbogbo ilé ìdáná àwọn ọmọ ogun ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Àwọn kan ti ròyìn dé òkè pé olórí alásè, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Baba Àkúnwọ́sílẹ̀, ti fi òòlù lu inú ìgbakọ rẹ̀ títí tí ó fi jìn bí kànga. Ìgbakọ méjì ni òfin yọ̀ǹda fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan. Òfin kò sọ̀rọ̀ kànga.

“Bàbá, láti òní lọ, èyí ni ẹ óò máa fi bu oúnjẹ,” ni ọ̀gágun náà wí.

“Yẹ́sà,” ni Baba dáhùn, ó sì kọ́kọ́ bu ti ọ̀gágun. Ó bu ìgbakọ ìrẹsì kan, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dà á sínú abọ́. Ó bu èkejì, ó tún rẹ́ ẹ. Hóró kan ṣoṣo tí ó fẹ́ ṣagídí, ó fi ìka tì í padà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni ó dúró ṣánṣán, ó kí i ní kíkí ológun. “Sà, àwọn ọmọ yìí ń ru ẹrù gun òkè láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn gùn ún, kí ìròyìn yín lè pé.”

Lójú igba ọmọ ogun, ta ni yóò sọ pé òun kò lọ? Nígbà tí oòrùn yí, ọ̀gágun padà dé, ó ń tiro, ètè rẹ̀ gbẹ táútáú, ó sì tò sórí ìlà bí gbogbo ènìyàn. Baba gbé ìgbakọ méjèèjì sókè, tuntun lọ́wọ́ ọ̀tún, ògbólógbòó lọ́wọ́ òsì. “Sà, èwo ni kí n fi bù ú?” Ọ̀gágun wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na abọ́ rẹ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí òfin lọ sinmi ná. Tiyín ni kí ẹ fi bù ú.”

Ìyá Aránṣọ, opó Baba, kì í jẹ́ kí àlejò dìde láìgbọ́ ìtàn yìí. Ó ti lé ní ọdún kan tí Baba ti sùn nínú Olúwa, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì tí àwọn ọmọ ogun fún un ni ìgbakọ ògbólógbòó náà, ó sì wà lórí ìṣó lára ògiri, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bà lé e. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fi bu oúnjẹ ara rẹ̀. Aṣọ Baba ti di ti àwọn ọmọ, bàtà rẹ̀ ti di ti aláàánú kan nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrùn ìgbakọ yìí ní ojú kan tí àtàǹpàkò Baba ti jẹ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí ìyá bá ti fi àtàǹpàkò tirẹ̀ síbẹ̀, a máa ṣe é bí ẹni pé wọ́n di ọwọ́ òun mú.

Nígbà ayé Baba, kò sí ohun tí tọkọtaya náà jà lé lórí tó oúnjẹ. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ìyá kò rí alásè tí ebi ń pa bí ọkọ tirẹ̀. Ọwọ́ Baba kì í tíì kúrò lára ìlẹ̀kùn tí yóò fi béèrè ohun tí ó wà nílẹ̀.

“Bàbá àwọn ọmọ, ṣé òkúta lẹ máa ń sè fún àwọn sójà yẹn ni? Ẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìdáná, ẹ wá ń jẹ bí ẹni tó ti oko bọ̀!”

“Òórùn oúnjẹ kì í yó ènìyàn, ìyá àwọn ọmọ. Tún bu díẹ̀ sí i.”

Ìyá gbìyànjú títí, ó ra oògùn aràn fún un. Baba mu ún tán, ó dúpẹ́ tọkàntọkàn, ó sì béèrè ohun tí òun yóò fi sìn ín.

Ọkùnrin tí ń kó ẹ̀wà wá fún àwọn ológun ni ó mọ Baba jù. Ìyá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ó gbé aṣọ iṣẹ́ tuntun lọ fún Baba. Oníẹ̀wà wọn kóńgò kan, Baba gbé e, ó mì í, ẹ̀wà rọ̀ sílẹ̀. “Bù sí i.” Ó bù sí i. Baba tún mì í.

“Bàbá, ẹ ti mì í tó o! Ó ti kún!”

“Kò tíì kún. Ẹ̀wà yìí ṣì wà lórí ìdúró. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn jókòó.”

“Ẹ̀wà ń jókòó bí?”

“Àwọn tó máa jẹ ẹ́ kì í jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí ẹ̀wà bá wọn jókòó.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àga méjì ni oníẹ̀wà gbé wá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ọ̀kan fún Baba, ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Kò sí ìtàn ogun tí Baba kì í fi oúnjẹ túdìí. Ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin ń ka ìtàn kan sí i létí, nípa ọba kan tí ó ní ẹgbàárùn-ún ẹlẹ́ṣin, tí àwọn ẹṣin wọn níyẹ̀ẹ́, tí wọ́n fò kọjá òkun méje. “Kí ni wọ́n jẹ lójú ọ̀nà?” ni Baba bi í. “Bàbá àgbà, ẹṣin iwin ni wọ́n, wọn kì í jẹun.” Baba mi orí pẹ̀lú àánú. “Abájọ tí a kò fi rí wọn mọ́.”

Inú ilé Olúwa pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníwàásù ń sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin olùṣọ́-àgùntàn tí ó fi kànnàkànnà pa òmìrán, ni Baba bá nawọ́ sókè. “Alàgbà, ẹ fo ibì kan. Kí ló gbé ọmọ náà dé ojú ogun?” Oníwàásù ṣí Ìwé Mímọ́ wò. “Ó … ó gbé àgbàdo yíyan àti búrẹ́dì lọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.” “Ẹ ṣeun, sà,” ni Baba wí, ó sì yíjú sí ìjọ. “Ẹ gbọ́ o. Oúnjẹ ló wá gbé fún ológun. Òmìrán yẹn kàn dí i lọ́nà ni.”

Ìtàn kan wà tí kò fi ṣe àwàdà rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì sọ ọ́ fún ìyá. Nígbà ogun, tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó gbé ìkòkò gun òkè lọ bá àwọn tí ń ṣọ́ ẹnubodè. Nígbà tí ó kan ẹni ìkẹyìn lórí ìlà, oúnjẹ tán. Ó ha ìdí ìkòkò fún un. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó tó, ẹ̀gbọ́n.” Kò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè náà mọ́. Baba kò sunkún bí ó ti ń sọ ọ́. Ó kàn ń yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tí ń wá nǹkan nínú ìkòkò.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nígbà tí olórí alásè tuntun, ẹni tí ó ti sìn lábẹ́ Baba rí, wọlé wá ní ọ̀sán kan, tí ó dọ̀bálẹ̀.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn sójà ń kùn. Ìrẹsì kan náà ni, iná kan náà ni, wọ́n ní àwọn kì í yó mọ́. Ìgbakọ Bàbá ni wọ́n ń béèrè. Ẹ ṣàánú, ẹ fún wa.”

“Kò sí níbí,” ni ìyá wí, kò gbójú kúrò lára aṣọ.

“Màmá, ó wà lókè orí yín.”

“Mo ní kò sí.”

Ọkùnrin náà wo ìgbakọ, ó wo ìyá, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi jẹun tí kò mọ adùn rẹ̀. Bí ó bá gbé ìgbakọ náà, ẹni ìkẹyìn lórí ìlà ni ó ń rí. Bí ó bá sì gbé e kọ́ padà, ó ń bi Ọlọ́run léèrè pé, bí òun bá gbé èyí sílẹ̀, kí ni òun yóò máa fi di ọkọ òun lọ́wọ́ mú? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ka ti opó tí ó ní ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan, tí wòlíì sì ní kí ó kọ́kọ́ ṣe ti òun wá. Ó pa Ìwé náà dé. “Olúwa, ẹ kò tiẹ̀ pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ,” ni ó wí. Ó fi aṣọ funfun wé ìgbakọ náà, ó gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Olórí alásè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kí wọ́n lè mọ bí òòlù ti jìn tó, ó bu omi kún un, ó sì dà á sínú ìgbakọ ti olú iléeṣẹ́. Omi kún ún dé etí, kò ṣẹ́kù, kò sì dànù. Wọ́n dà á padà. Bákan náà ni.

“Màmá, òòlù tí wọ́n ní Bàbá fi lù ú ńkọ́?”

“Èmi kò rí òòlù nílé mi rí.” Ìyá wo ìkòkò ìrẹsì tí ń ru èéfín. “Bù ú, kí n rí ọ.”

Ó bù ú láti ojú ìkòkò, ó sì rẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ.

“Bẹ́ẹ̀ kọ́.” Ìyá gba ìgbakọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Baba fi ń bu oúnjẹ fún ilé, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, ojú ìyá sì ti kọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè ròyìn. Ó rì í dé ìdí ìkòkò, ó yí ọrùn ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, ó gbé e, ó mì í, ó kì í mọ́lẹ̀, ó tún fi kó òkìtì lé e lórí. Nígbà tí ó dà á sínú abọ́ ọmọ ogun àkọ́kọ́, ọmọ náà pariwo sí àwọn ará ẹ̀yìn pé, “Bàbá ti dé o!”

Ìyá bù ú títí kan ẹni ìkẹyìn, òkìtì tirẹ̀ kò sì kéré sí ti ẹni àkọ́kọ́. Olórí alásè yọjú wo inú ìkòkò. Èépá ìdí ìkòkò nìkan ni ó kù.

“Màmá, àwa alásè ńkọ́?”

Ìyá wo èépá náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ wá, ó rín in títí tí ó fi jókòó lé àpò ìrẹsì kan. “Oògùn aràn ni mo rà fún un,” ni ó ń wí, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. “Ọkùnrin yìí! Oògùn aràn ni mo rà fún un, ó sì mu ún!”

Wọ́n ní kí ó máa gbé ìgbakọ lọ sílé, níwọ̀n bí kì í ti í ṣe ìgbakọ ni ó ń mú oúnjẹ pọ̀, bí kò ṣe ọwọ́ tí ń bù ú. Ìyá kọ̀. Ó fi àtàǹpàkò sí ojú tí ó ti jẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbé e kọ́ sókè ìkòkò, níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa kí ó tó délé. Ó fi ṣíbí lásán bu oúnjẹ, ó mì í, ó kì í mọ́lẹ̀, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ó tún bu òmíràn. Bí ó ti gbójú sókè, ó rí ìṣó òfìfo lára ògiri, ó sì rí àga Baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

“Òórùn oúnjẹ kì í yó ènìyàn,” ni ó sọ fún àga náà jẹ́jẹ́, ó sì tún bu díẹ̀ sí i.