Ẹ̀bùn Tí Bàbá Mi Ò Jẹ́ Kí N Gbà

Òórùn kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó kan díẹ̀ tó sì dùn díẹ̀, ló gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìlórò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira ni. Ọdún méjì ni mo fi ń kọ́ni ní Arámọ̀kọ, tí mo sì ń kọ ìtàn àròsọ tó jẹ́ iṣẹ́ oyè kejì mi ní yunifásítì. Ó ti rẹ̀ mí dé egungun. Ìwọ náà tó ṣe irú rẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà lápò mi: iṣẹ́ mi ló pegedé jù lọ́dún náà, èmi ni yóò gba ẹ̀bùn, ẹni tó bá sì gba ẹ̀bùn yẹn ni yunifásítì máa ń gbà síṣẹ́ olùkọ́. Èmi àti ṣọ́ọ̀kì Arámọ̀kọ fẹ́ pínyà.

Bàbá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n ka ibi tí àwọn adájọ́ yìn jù fún àwọn. Mo kà nípa opó ọlọ́mọ kan tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ fẹ́ lé jáde, tó fi ọwọ́ lásán wa iṣu tuntun lábẹ́ àkọ́rọ̀ òjò, tó sè é fún wọn, tí wọ́n sì jẹ́ kó dúró. Àwọn adájọ́ kọ ọ́ pé òórùn ilẹ̀ oko gidi ń jáde níbẹ̀. Ìyá mi tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún dojú kọ igbá wọn.

“Uṣu kí ni obìnrin yìí wà nígbà àkọ́rọ̀ òjò?” ni bàbá mi bi mí. “Èbù là ń gbìn nígbà yẹn, ọmọ mi. Kí ni yóò fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?”

Ojú tì mí. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́n ni mo dàgbà sí, iṣu tó ti jinná nìkan ni mo mọ̀ dáadáa. Mo ní àwọn adájọ́ ti yìn ín.

“Àwọn yẹn ń ra uṣu jẹ ni,” ni wọ́n wí, láìbínú.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní ìtàn àròsọ ni, ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀bùn náà wù mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rò ó pé mo dìde láti gbà á, ojú tí ìyá mi fi wò mí lórí igbá ẹ̀gúsí ni mo ń rí. Mo ní kí yunifásítì dá iṣẹ́ mi padà fún mi. Ẹlòmíràn gba ẹ̀bùn, ó gbaṣẹ́; èmi padà sídìí ṣọ́ọ̀kì fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo yọ iṣu yẹn, ìdajì ìtàn wó. Mo tún un kọ fún ọdún kan gbáko. Wọ́n gbà á wọlé, kò sẹ́ni tó yìn ín.

Lónìí, èmi náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan iṣẹ́ ọ̀dọ́ tó dára jù, ó sì máa ń sú mi. Wọ́n ti yìn mí títí, etí mi ti kún. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ti gbọ́ ìtàn yẹn, bàbá mi nìkan ló bẹ̀rù pé ebi lè pa obìnrin náà.