Yẹ́sì Sà tí Màrúf Sọ ní Mẹ́kà

Ará Ìsẹ́yìn ni Màrúf. Yàrá kan náà lèmi pẹ̀lú ẹ̀ gbé ní Nuzlah, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, fún ọdún mẹ́rin. Ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Mẹ́kà. Bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ló ń gbé e lọ láràárọ̀ láti Jẹ́dà.

Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ náà, torí pé ẹ̀ńjìníà tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ará Pakísítánì, kò gbọ́ Lárúbáwá. Màrúf gbọ́ Òyìnbó díẹ̀. Bí o bá rọra sọ ọ́, yóò gbọ́. Bí o bá sáré sọ ọ́, ìdajì ni yóò gbọ́, yóò sì dáhùn pé, “Yẹ́sì sà.” Ibẹ̀ ni ìyà ti wá.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, yóò lọ sí àdúgbò Sharafiyah, sọ́dọ̀ Àlàájà Bilikis, ìyàwó dókítà kan, tó ń kọ́ àgbàlagbà ní Òyìnbó ní pálọ̀ rẹ̀. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà sáré sọ Òyìnbó kan. Gbogbo wọn ní, “Yẹ́sì mà.”

“Kí ni mo sọ, Àlàájì Màrúf?”

“Ẹ ní ká ṣíwèé, mà.”

“Mo ní n ó kó gbogbo yín lọ tà ní ọjà Balad lọ́la. Gbogbo yín lẹ sì gbà.”

A rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni yóò ra Màrúf tó ń hanrun bíi jẹnẹrétọ̀.

Àlàájà ní, “Tí ọ̀rọ̀ ò bá yé yín, ẹ ní kò yé yín. Ẹ ní kí ọ̀gá yín tún un sọ. Kí ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ ọ́ padà fún un.”

Màrúf ní, “Kí n ní kí ọ̀gá tún ọ̀rọ̀ sọ? Ẹgbẹ́ mi ni?”

“Kò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ lẹ ń bù fóun. Ó rò pé ó yé yín ni.”

Màrúf ń ṣe é dáadáa ní pálọ̀. Ó ń ṣe é fún mi nínú yàrá wa. Níwájú ọ̀gá, kò lè ṣe é. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tó bá ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ sọ, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ní oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀ńjìníà ń sáré kọjá lórí òrùlé, ó ní Firas, ará Yẹ́mẹ̀n tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wà nínú ẹ̀rọ ńlá, kí Màrúf má tan iná títí yóò fi jáde. Màrúf gbọ́ Firas, ó gbọ́ ẹ̀rọ, ó gbọ́ iná. Ó ní, “Yẹ́sì sà.” Ó tan iná. Fáànù gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún Firas.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n pe Màrúf sí ọ́fíìsì. Ẹ̀ńjìníà wà níbẹ̀. Mánijà gbé ìwé kan síwájú Màrúf, ó sáré sọ̀rọ̀, ó na bírò sí i.

Màrúf ní kò yé òun. Mánijà tún un sọ. Ó ní kò tíì yé òun. Òógùn bò ó. Nígbà kẹta, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà: “Ẹ ní kí n sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé Firas wà nínú ẹ̀rọ. Pé fúnra rẹ̀ ló yọ́ wọ ibẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Fọwọ́ sí i, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Bó bá fọwọ́ sí i, Firas yóò lọ sílé lọ́wọ́ òfo, òun yóò sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta sì ni Màrúf ń bọ́ nílé.

“Rárá, sà. Ọ̀gá sọ fún mi. Kò yé mi. Èmi ni mo ní ó yé mi.”

Ẹ̀ńjìníà wolẹ̀.

Wọ́n tọ́jú Firas, wọ́n sì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n fún Màrúf ní kúrújì, ìwé pé kó máa lọ, kó má padà mọ́. Ó lọ wo Firas ní ọsibítù kó tó lọ. Firas kọjú sí ògiri. Màrúf dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi ní kí àwọn àlejò jáde. Ọjọ́ kẹta ló wọ bàálù.