Bàtà Tí Ó Gba Ìka Kẹfà

Kí irun mi tó funfun báyìí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń sáré kiri ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, n kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ní àléébù kankan. Olúgbódi ni wọ́n ń pe irú wa tí a bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà. Tèmi wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìka kẹfà náà yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, ẹsẹ̀ náà sì fẹ̀ bí àtẹ. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa fi ń rìn nígbà náà, nítorí náà kò sí ohun tí ó dí mi lọ́wọ́. Àwọn àgbà àdúgbò a tilẹ̀ máa kí ìyá mi pé ó bí ọmọ tó mú àlékún wá láti ọ̀run.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè lọ sí ilé ìwé. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n níbẹ̀, ọmọ wọn kì í sì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Ó ní ọmọbìnrin kan tí èmi àti rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ roro. Bàtà yòówù tó bá wọ̀, á dà bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an.

Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kó àwa méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan. Bàtà dúdú dídán ni ó wù wá. Ti ọmọ rẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, oníbàtà náà bu pàúdà sí i, ó tì í, ó fà á. Ó mú èyí tó tóbi wá, ìyẹn ń jábọ́ ní gìgísẹ̀, síbẹ̀ ó ń há mi ní ìka. Ní ìgbẹ̀yìn ó nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni ó wí, "ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà. Sílípáàsì ni kí ẹ rà fún un."

Sílípáàsì náà ni wọ́n rà. Bí a ṣe ń padà sílé, ọmọ náà ń lọ níwájú, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, tèmi ń gbá mi ní gìgísẹ̀. Owú mú mi débi pé mo ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ nínú ọyẹ́, kí ó lè ba bàtà rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá burú jù. Èmi ni mo mọ Sáàmù tí a kà jù, ohùn mi ni ó sì lọ sókè jù, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní kí àwọn tí wọ́n wọ sílípáàsì dúró sẹ́yìn. Mo ń kà á látẹ̀yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tẹ̀lé ohùn mi níwájú. Nígbà tí a parí, òun ni àwọn ìyá ìjọ ń dì mọ́, tí wọ́n ń fún ní bisikíìtì.

Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi ní Ọ̀yọ́, mo sọ fún ìyá mi pé n kò padà mọ́.

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?"

"Wọn ò fi nǹkan ṣe mí, Màámi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi gé ìka yìí ni."

Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi pẹ́ títí.

"Awọ ni wọn yóò gé," ni ó wí. "Wọn kò ní gé ẹsẹ̀ ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń fi awọ ṣe tìmùtìmù àti àpò lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Bàbá náà kò ṣe bàtà ọmọdé rí, ó sì kọ́kọ́ kọ̀. Ìyá mi jókòó tì í títí ó fi gbà. Ó ní kí n dúró lórí awọ, ó fi èédú fa ilà yí ẹsẹ̀ mi ká, ìka kẹfà kò gbẹ́yìn. Sálúbàtà ni ó ṣe. Iwájú rẹ̀ fẹ̀, ó fi awọ pupa àti dúdú hun ojú rẹ̀, ó sì dá ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ tí ìka mi máa gbà yọ, ó wá rán awọ funfun yí etí ihò náà ká bí ewé. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ rìn yí ọjà ká, ara tù mí dé àyà.

Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ènìyàn ló ń béèrè ẹni tó ṣe é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ wa fà mí bọ́ síwájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò gbé ojú kúrò lẹ́sẹ̀ mi títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, mo gbádùn owú tirẹ̀ yẹn ju bàtà náà lọ.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ọmọ náà sunkún, kò jẹun, títí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún un. Bàbá aláwọ náà sì ṣe é gẹ́lẹ́, tòun ti ihò. Kí n tó mọ̀, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ti ń wọ̀ ọ́, bàtà oníka mẹ́fà lẹ́sẹ̀ oníka márùn-ún.

"Kí lo fẹ́ fi ihò yẹn ṣe?" ni mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

"Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé," ni ó dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo bàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìlú ni tirẹ̀. Ẹyọ kan péré tó jẹ́ tèmi, ó tún gbà á. Owú èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí wọ́n máa sá fẹ́sẹ̀ rẹ ló wù ọ́, àbí kí wọ́n máa fara wé e?" Méjèèjì ló ń dùn mí.

Ayé ti yí. Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ mi ti ń ra bàtà, ọlọ́kadà á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi tó kéré jù, òun náà mú ìka kẹfà wá. Kò pẹ́ tí dókítà fi yọ ìka náà kúrò. Àpá rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Màmá, kò ní jìyà bàtà bíi tiyín." Òótọ́ ni, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí àwọn bàtà rẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, oríṣiríṣi, tí gbogbo wọn sì gbà á, èmi arúgbó a máa jowú ọmọ ọwọ́. Mo máa ń gbé e lé itan, màá fi àtàǹpàkò ra ojú àpá náà, ẹnu mi á sì máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá rẹ̀ rò pé àdúrà ni mo ń gbà fún un. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni àdúrà.