Ọmọláńgidi Kérésì

Igi kò bá Àtàndá jà rí. Èèyàn ló ń bá a jà.

Káfíńtà ni. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nínú agboolé wọn ní Ẹdẹ ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù tí wọ́n ta mọ́ ara ògiri. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ yunifásítì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n á ní kó bá àwọn ṣe nǹkan onígi tí àwọn máa fún ọmọ lọ́jọ́ Kérésì: àpótí ìjókòó kékeré, mọ́tò, àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí awakọ̀ onígi inú rẹ̀ dé fìlà. Awakọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mùsùlùmí ni Àtàndá, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọdé ni ọmọdé.

Ahmad tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà kì í jẹ́ kó sinmi.

"Bàbá Kérésì! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Bàbá ẹ ni Bàbá Kérésì," Àtàndá á dáhùn. Kò ní gbójú kúrò lára pákó tó ń fá.

Kérésì ọdún kan wá yàtọ̀. Mubarakah pè é lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Ohun tó wà láàárín bàbá àti ọmọ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Mubarakah fẹ́ Olúṣẹ̀yẹ, òṣìṣẹ́ yunifásítì, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Blessing. Wọ́n ní orúkọ kan náà ni, ìtumọ̀ Mubarakah náà nìyẹn. Àtàndá ní bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀? Kò débi ìgbéyàwó. Nígbà tí Mubarakah bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, kò lọ. Nígbà tí Táíwò kú, ó wọṣọ, ó dé ìta, ó padà. Ojú tì í. Ẹni tí kò wá síbi ìkómọ, ẹnu wo ló fẹ́ fi kí wọn kú ọ̀fọ̀?

Ọmọ tó kù ti ń sáré kiri. Àtàndá kò tíì fojú kàn án.

"Bàbá," Mubarakah wí lórí fóònù, "ẹ wá lọ́jọ́ Kérésì, kí ọmọ yìí mọ bàbá ìyá ẹ̀. Ìyá ọkọ mi á wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn fa nǹkan kan. Bí ọjọ́ yẹn bá ti lè lọ wẹ́rẹ́, màá máa gbé e wá sọ́dọ̀ yín."

"Kẹ́hìndé ńkọ́? Ara ẹ̀ le?"

"A kì í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá. Tiwaladé la ń pè é. Tí mo bá ń pe Kẹ́hìndé, Táíwò ni mò ń rántí."

Àtàndá gbọ́. Ó fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú.

Kí ló máa mú dání? Kò rò ó jìnnà. Nígbà tí ìyá Mubarakah kú, ọmọ náà kéré, ṣe ló ń sunkún ká ẹ̀yìnkùlé. Àtàndá fi ègé igi gbẹ́ ọmọláńgidi kan fún un. Mubarakah pọ̀n ọ́n títí ara igi náà fi ń dán. Á fún un lóúnjẹ, á nà án, á tún bẹ̀ ẹ́. Bí ẹkún ṣe dá nìyẹn. Irú ẹ̀ ló máa gbẹ́ fún Tiwaladé.

Igi ìrè ló lò, torí ó fúyẹ́, kì í sì í tètè là. Ó gbẹ́ orí, ó fín irun sí i. Ó jẹ́ kí apá méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ọmọdé má baà ṣẹ́ ẹ. Ó fi sáńpépà ha á títí tó fi rọ̀ lọ́wọ́.

Àwáwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, jáde wá da omi nù. Ó dúró.

"Àtàndá, kí lo ń gbẹ́ yẹn?"

"Ọmọláńgidi ni. Ti ọmọ Mubarakah."

"Kí ló ṣe tí o ò ṣe kẹ̀kẹ́ fún un bíi tàwọn yòókù?"

"Obìnrin ni. Èrò ibo ló fẹ́ gbé?"

"Ẹyọ kan lo sì gbẹ́."

"Ẹyọ kan ni. Tí mo bá gbẹ́ méjì, ṣé kì í ṣe pé mò ń rán wọn létí èyí tó lọ?"

Àwáwù da omi rẹ̀ nù. "Ìwọ lo mọ̀," ló wí. Àtìgbà èwe ni àbúrò rẹ̀ kì í ti í gbọ́ tẹnìkan. Ó ti sú u.

Lọ́jọ́ Kérésì, Àtàndá wọ jàlámíà funfun, ó gun ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Sekona. Olúṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ náà kí i dáadáa: "Ẹ káàbọ̀, àna wa. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí wa lónìí!" Wọ́n bu ìrẹsì. Tiwaladé sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń yọjú. Àtàndá mú ọmọláńgidi jáde, kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà rìn wá díẹ̀díẹ̀. Ó gbà á. Ó yí i wò. Ó fa ìborùn ìyá rẹ̀ lórí àga, ó gbé igi náà sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀n ọ́n.

Àtàndá rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ hàn.

Síbí já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Olúṣẹ̀yẹ.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ère ìbejì!"

"Ọmọláńgidi ni, Ìyá," Àtàndá wí.

"Ọmọláńgidi bíi ti báwo? Ìbejì méjì, ọ̀kan kú, ẹ wá gbẹ́ igi ẹyọ kan, ẹ ní kí èyí tó kù máa pọ̀n ọ́n! Kí làwọn baba wa ń gbẹ́ nígbà tí ọ̀kan bá kú nínú ìbejì? Ṣé kì í ṣe èyí náà ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí Táíwò padà wá mú un ni?"

Àtàndá wo igi náà lẹ́yìn ọmọ. Orí rèé, irun fífín rèé, apá rèé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ká ní méjì ló gbẹ́ ni, ọmọláńgidi ni wọn ì bá pè é. Ẹyọ kan tó gbẹ́ kó má baà dá wọn lọ́gbẹ́ ló sọ ọ́ di ère.

"Mùsùlùmí ni mí. Kí ni mo fẹ́ fi ère ṣe?"

"Mùsùlùmí ọ̀sán, abọ̀rìṣà òru!" ni ìyá náà fèsì. "Kò sẹ́ni tí ò mọ ilé tó ti wá."

"Mọ́mì, ẹ rọra," Olúṣẹ̀yẹ wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìborùn, ó ń tú u. Tiwaladé figbe ta.

Àtàndá kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé yẹn ló mọ nǹkan náà.

"Mubarakah, sọ fún wọn. Ìwọ náà pọ̀n irú ẹ̀."

Mubarakah wo ọmọláńgidi náà. Ó na ọwọ́, bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Blessing," ìyá ọkọ rẹ̀ pè é, "o mọ irú nǹkan yìí rí?"

Ọwọ́ náà wálẹ̀.

"Rárá, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Àtàndá dìde. Kò fọwọ́ kan ìrẹsì. Bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀, ó ń gbọ́ òórùn kẹrosíìnì láti ẹ̀yìnkùlé: wọ́n fẹ́ sun ọmọláńgidi náà. Mubarakah sìn ín dé géètì.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ò mọ irú ilé tí mo wà ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ yìí."

"Tó bá yá, màá gbé e wá kí yín."

"Ó dáa, Blessing."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Àtàndá ti ń dá ọ̀kadà dúró.

Mubarakah kò gbé ọmọ náà wá. Oṣù Kejìlá mìíràn dé, àwọn oníbàárà tún dé, ṣùgbọ́n Àtàndá kì í gbẹ́ ohun tó bá jọ èèyàn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbé kẹ̀kẹ́ onígi sókè, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

"Bàbá, iṣẹ́ yín dára o. Awakọ̀ tó ń dé fìlà yẹn ńkọ́? Ta ló ń wa eléyìí?"

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀," Àtàndá wí. Ó ń fá pákó rẹ̀ lọ.